Bí A Ṣe Dá Ọpọlọ Ọkọ̀ Náà Padà

Ọ̀rẹ́ ọkọ mi gbé ọkọ̀ náà dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wa ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àlàmísì kan, nígbà ọyẹ́. Kò pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Ó jókòó sínú rẹ̀, ó ń fẹsẹ̀ tẹ tọ́tù kó lè máa bú, kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, ó sì ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà ọdún fún.

"Bàbá Ìbejì! Jáde wá wo ìyàwó mi tuntun!"

Ọkọ mi jáde, ó ń fi àkísà nu ọwọ́. Èmi náà wà níbẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì. Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ olùkọ́ nígbà náà. Físíìsì ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé girama ní Òmù-Àrán níbí. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, mo máa ń gbé oúnjẹ ọkọ mi wá sí ṣọ́ọ̀bù, a ó sì jọ jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Kò sí iṣẹ́ tó pọ̀ níbẹ̀ tó máa lé mi lọ sílé.

Iṣẹ́ ti pọ̀ níbẹ̀ rí. Nígbà tí owó epo ń ṣàn bí omi, Èkó ni ọkọ mi wà, ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ọkọ̀ tuntun. Ọkọ̀ á dé láti ìlú òyìnbó, ọ̀rá á ṣì wà lára àga rẹ̀, àwọn tó fẹ́ rà á á ti tò sí ẹnu géètì. Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó tún ẹ́ńjìnnì tò kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ jáde. Etí ló fi ń ṣe é. Á yí síkúrù kábúrétọ̀ díẹ̀, á dúró, á gbọ́, á tún yí i. Àwọn òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn máa ń gbé ẹ̀rọ wá láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀rọ á sì sọ ohun tí etí rẹ̀ ti sọ. Bí a bá wálé fún ọdún Kérésìmesì, kì í lè jẹun. Àwọn ọmọ ìlú wa tó ń bọ̀ láti Èkó àti Kàdúná á ti gbọ́ pé ó wálé, ọkọ̀ wọn á sì tò láti ẹnu ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ títí dé ìdí kànga.

Lẹ́yìn náà ni ìlú le. Ilé-iṣẹ́ náà ti ilẹ̀kùn. A kó ẹrù wa wálé, ọkọ mi sì dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lábẹ́ igi igbá kan ní ọ̀nà Ìlọrin. Kò kọ́kọ́ burú. Ẹni tí kò lè ra tuntun mọ́ ń ra tòkunbọ̀, tòkunbọ̀ sì ní kábúrétọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe, irú ọkọ̀ mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Wọn kò ní kábúrétọ̀. Àpótí kékeré kan, tí kò tóbi ju ìwé orin lọ, ló ń sọ iye epo tí ẹ́ńjìnnì yóò mu àti ìgbà tí yóò ṣáná sí i. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní bíréènìbọ́ọ̀sì. Ọkọ mi ń pè é ní ọpọlọ. Kò sí síkúrù kankan lára rẹ̀ tí ènìyàn lè yí. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á gbé e kọjá ní iwájú wa, ó di Ìlọrin, lọ́dọ̀ àwọn tó ní kọ̀mpútà. Nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ dé yìí, ẹ́ńjìnnì ìlọta àti jẹnẹrétọ̀ ni ọkọ mi ń tún ṣe. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ kankan kò ti yà sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Èsìẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ yìí. Bàbá Èsìẹ́ ni mo ń pè é, ìyàwó rẹ̀ sì jẹ́ Ìyá Èsìẹ́ fún mi. Òun àti ọkọ mi jọ lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni, wọ́n jọ lé ẹyẹ lóko. Nígbà tí ọkọ mi lọ sí Èkó, òun lọ sí Kàdúná, ó ń ṣọ́ sítọ́ọ̀ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan. Ilé-iṣẹ́ náà kú bí tiwa ṣe kú. Ó padà sí Èsìẹ́, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, ẹ̀yìn sì ń dùn ún. Lẹ́yìn ọdún gbọọrọ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí fún un ní owó ìfẹ̀yìntì, gbogbo rẹ̀ ló sì fi ra ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ ẹnì kan tó gbé e gba Kùtọnu wọlé. Ó fẹ́ máa fi kó èrò láti Òmù-Àrán lọ sí Ìlọrin. Kò sí nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọkọ mi wọlé sínú ọkọ̀, ó wà á lọ sí ọ̀nà Rórẹ́, ó sì padà. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Èdè Ìgbómìnà ni àwọn méjèèjì máa ń bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n n óò kọ ọ́ sílẹ̀ bí gbogbo ènìyàn ṣe lè kà á.

"Ó ń sáré," ni ọkọ mi wí.

"Ṣé o rí i! Ó ń fò ni!"

"Ó ń sáré ju bí wọ́n ṣe ṣe é lọ. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lọ́hùn-ún ti jẹ́ kí wọ́n tọwọ́ bọ ọpọlọ rẹ̀ kó lè máa fò bẹ́ẹ̀. Epo tiwa níbí kò lè gbé e. Bí o bá ń gun òkè, ṣé kì í dún kó-kó-kó?"

Bàbá Èsìẹ́ fọwọ́ pa orí ọkọ̀ náà. "Ó máa ń dún," ni ó wí. "Ó sì ń mu epo bí ẹni tó ń ṣínu."

Ní ọjọ́ kejì, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ ọkọ̀ náà lọ sí Ìlọrin, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń fi kọ̀mpútà tún ọkọ̀ ṣe. Ó ní ọ́fíìsì tó tutù, ó sì bọ̀wọ̀ fún wa dáadáa. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa, ó ní kò sí wàhálà rárá.

"Màá to sọ́fúwíà tuntun tó bá epo Nàìjíríà mu lé e lórí, Bàbá."

"Lórí kí ni?" ni ọkọ mi bi í.

"Lórí èyí tó wà níbẹ̀."

"Kí ló wà níbẹ̀?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n á ṣiṣẹ́."

Ọkọ mi dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì jáde. Nínú ọkọ̀, ó yíjú sí mi lẹ́yìn.

"Ìyá Ìbejì, bí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tí ẹlòmíràn ti yí kábúrétọ̀ rẹ̀ kiri wá bá mi, kí ni mo kọ́kọ́ máa ń ṣe?"

"Ẹ máa ń dá gbogbo síkúrù rẹ̀ padà sí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é."

"Lẹ́yìn náà ni mo tó ń tún un tò. Bí mi ò bá mọ ibi tó ti ń bọ̀, báwo ni n óò ṣe mọ ibi tí mò ń gbé e lọ? Ṣé torí pé ó ti di ti kọ̀mpútà ni èyí á fi yàtọ̀?"

Mo sọ fún un pé kò yàtọ̀. Ohun tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé láti ọjọ́ yìí wá náà ni: kí o tó wọn ohunkóhun, mọ ibi tí òdo wà. Àbí èmi ni mo tì í sínú rẹ̀ ni? Mo ti bi ara mi léèrè bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa ti fún mi ní laptọ́ọ̀pù kan tí ọ́fíìsì wọn ní Èkó kò lò mọ́. Èmi ni mo sọ ọ́ lẹ́nu pé àwa fúnra wa lè ṣe é.

A ra okùn tí wọ́n fi ń so kọ̀mpútà mọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin Ìlọrin yẹn, ó sì kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó fún odidi ọjọ́ kan. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo ka gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà jáde, mo sì fi í pamọ́ sínú laptọ́ọ̀pù mi. Bí a bá ba nǹkan jẹ́, ká lè rí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ dá padà. Létà àti nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀, ojú ìwé lórí ojú ìwé. Ọkọ mi jókòó tì mí, ó ń wò ó.

"Èyí wo ni epo níbẹ̀?" ni ó bi mí.

"Mi ò tí ì mọ̀."

"Ó dà bí ẹni pé wọ́n da ẹ̀wà àti ìrẹsì pọ̀ sínú òkùnkùn."

Lẹ́yìn náà a wá sọ́fúwíà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kọ sínú rẹ̀ láti ilẹ̀. Nọ́ńbà kan wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn àpótí náà. Mo fi í ránṣẹ́ sí ọkùnrin Ìlọrin, ó sì bá mi rí fáìlì kan. Nígbà tí mo gbé nọ́ńbà fáìlì náà àti ti àpótí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èyí tó kẹ́yìn nínú wọn yàtọ̀. Mo pe ọkùnrin náà.

"Nọ́ńbà kan ṣoṣo ni, Mà. Kò lè ṣe nǹkan kan."

"Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló máa ń wà láàárín ọmọ tó yege àti ọmọ tó fìdí rẹmi," ni mo sọ fún un.

Ó gba ọjọ́ mẹ́jọ sí i kó tó rí èyí tó bá a mu gan-an.

Ní ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, inú ọkọ mi dùn débi pé ojú ń tì mí láti wò ó. Ó ra ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ ilé-ìwé kan, ó ní kí n máa bá òun kọ ohun tí a ó ṣe nígbà tí ọpọlọ náà bá ti padà sípò. Lẹ́yìn tí a bá ti dá a padà, a ó wà á fún ọ̀sẹ̀ kan láìfọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn èyí a ó dín bó ṣe ń tètè ṣáná jù kù díẹ̀, nítorí epo wa. A ó wá fi agbára díẹ̀ kún un nígbà tí kò bá sáré púpọ̀, nítorí òkè àti nítorí èrò mẹ́fà pẹ̀lú ẹrù wọn. Ó ń sọ̀rọ̀, mo ń kọ. Ó ní bí èyí bá yọrí, a ó kọ ọ́ sára pátákó pé a ń tún ọkọ̀ oníkọ̀mpútà ṣe, àwọn tó ń gbé ọkọ̀ kọjá lọ sí Ìlọrin á sì máa yà. Ó ti wá ẹni tó máa kun pátákó.

Ọjọ́ tí a dá a padà jẹ́ ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tí Bàbá Èsìẹ́ ti kí Jímọ̀ tán. Ewu tó wà nínú rẹ̀ ni pé bí iná bátìrì bá kú fún ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí kọ̀mpútà ń kọ nǹkan sínú àpótí náà, àpótí náà kú nìyẹn. Ọkọ mi so bátìrì ọkọ̀ akẹ́rù kan tó tóbi mọ́ ti ọkọ̀ náà. Ó wo gbogbo wáyà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣílẹ̀kùn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan fèrèsé. Mo jókòó síwájú, laptọ́ọ̀pù wà lórí itan mi. Bàbá Èsìẹ́ dúró síta, ó ń ka tèsùbáà rẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnì.

Ó gba bí ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. Mo ń pe iye tó ti dé jáde, torí pé ọkọ mi kò lè wo ojú kọ̀mpútà náà. Ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ọgbọ̀n. Ó dúró ní ọ̀kànlélọ́gọ́ta, ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo gbọ́ tí ọkọ mi ń mí. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Nígbà tó pé ọgọ́rùn-ún, mo sọ pé, "Ó ti parí." Ọkọ mi na ọwọ́ wọlé láti ojú fèrèsé, ó yí kọ́kọ́rọ́.

Ẹ́ńjìnnì náà dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ó tutù, kò pariwo mọ́. Ọkọ mi dúró síbẹ̀ tí ó ń gbọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì kún fún omi.

"Ohùn rẹ̀ nìyí," ni ó wí. "Bí wọ́n ṣe bí i nìyí."

"Alhamdulillahi!" Bàbá Èsìẹ́ fò mọ́ ọn lọ́rùn.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ inú rẹ̀, a fẹ́ wà á lọ sí Èsìẹ́ kí Ìyá Èsìẹ́ lè rí i. A kò tí ì rìn jìnnà tí iná kékeré kan, aláwọ̀ yẹ́lò, fi tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ mi wò ó, ó ń wà á lọ. Nígbà tó ṣe díẹ̀, èkejì tàn. Nígbà tí a fi máa dé Èsìẹ́, iná mẹ́rin ti tàn, pupa sì ni ọ̀kan nínú wọn. Ọkọ̀ náà ń wárìrì. Ìyá Èsìẹ́ ti jáde pẹ̀lú omi tútù nínú igbá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó rí ojú wa, ó sì gbé igbá náà sílẹ̀.

Mo so laptọ́ọ̀pù mọ́ ọkọ̀ náà níwájú ilé wọn, mo sì ka ohun tí ọpọlọ náà ń sọ. Kò ṣòro láti lóye. Ẹni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní ìlú òyìnbó kò fi mọ sórí eré sísá nìkan. Ó ti sọ fún ọpọlọ náà pé kó má ṣe tan iná kankan mọ́, ohun yòówù kó máa ṣe ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì náà ti ń ṣàìsàn láti ọ̀hún. Bóyá ẹni tó fẹ́ tà á ló ní kí wọ́n dí i lẹ́nu, n kò mọ̀. Nígbà tí àwa sì dá ọpọlọ rẹ̀ padà sí bó ṣe wà, ńṣe ló la ẹnu, ó sì sọ gbogbo ohun tí wọ́n ní kó má sọ.

Ní ọjọ́ kejì ọkọ mi yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó fi ẹ̀rọ ìwọn wo bí atẹ́gùn ṣe ń dúró nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Méjì dára díẹ̀. Ìkẹrin kò dára. Ìkẹta kò di atẹ́gùn kankan mú. Ó ní písítìn rẹ̀ ti jó. Ó kiri gbogbo ibi tí wọ́n ti ń tú ọkọ̀ ní Ìlọrin bóyá ó lè rí àwọn ohun èlò tí òun yóò fi tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Kò rí i. Odidi ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń tà, Bàbá Èsìẹ́ kò sì lè ra kódà táyà rẹ̀. Ó gbìyànjú láti rí ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún un. Nọ́ńbà tẹlifóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́.

Ó wá bá ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí bẹ́ńṣì náà.

"Bàbá Ìbejì, dá irọ́ mi padà fún mi."

"Kí lo wí?"

"Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ ní ẹ fi í pamọ́. Ẹ dá a padà síbẹ̀. Nígbà tí mi ò mọ nǹkan kan, ọkọ̀ mi ń rìn."

"Bó ṣe ń rìn yẹn náà ló ń pa á. Lọ́jọ́ kan, á fọ́ lójú títì, èrò á sì wà nínú rẹ̀. Mi ò lè fi ọwọ́ mi ṣe é."

"Kí ni kí n wá jẹ? Wàláhì, sọ fún mi. Kí ni kí n jẹ?"

Bàbá Èsìẹ́ dìde, ó sì lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń lé ẹyẹ lóko, n kò rò pé ó ti lọ rí láì dágbére fún un.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọkọ mi lọ sí Ìgbàjà láti bá wọn tún jẹnẹrétọ̀ kan ṣe. Ìyá Èsìẹ́ gun ọ̀kadà wá bá mi nílé. Ó gbé òrí wá fún mi nínú abọ́ kan. Kó tó sọ̀rọ̀ ló ti kúnlẹ̀. Mo gbìyànjú láti gbé e dìde, kò dìde.

"Ìyá Ìbejì, ẹ̀yin lẹ mọ kọ̀mpútà. Bàbá Ìbejì kò mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ yín ni èyí àtijọ́ tí ẹ fi pamọ́ wà. Bàbá wọn kò jẹun mọ́. Ó máa ń jókòó sínú ọkọ̀ náà láti àárọ̀ di alẹ́. Abígbẹ̀yìn wa fẹ́ ṣe ìdánwò àṣekágbá, owó rẹ̀ kò sì sí. Ẹ fún wa, kó kàn bá wa rìn fún oṣù díẹ̀."

Mo ti ronú lórí rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, bóyá àánú rẹ̀ ló ṣe mí ni àbí mo fẹ́ kó dìde kúrò nílẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé ẹ́ńjìnnì náà á sáà kú, bó sọ òtítọ́ bí kò sọ ọ́. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá kọ̀, ọkùnrin Ìlọrin á to irọ́ mìíràn sí i, èyí tó lè burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Gbogbo rẹ̀ ló dà bí òótọ́. Mo mú fíláàṣì kọ̀mpútà kan, mo gbé fáìlì náà sínú rẹ̀, mo sì fi lé e lọ́wọ́. Mo ní kí wọ́n gbé e fún ọkùnrin Ìlọrin kó kọ ọ́ sínú ọkọ̀ náà, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀ pé ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Ó fi orí kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ọkọ̀ náà kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Èrò kún inú rẹ̀, ẹ̀gẹ́ wà nínú búùtù rẹ̀ tí kò pa dé, ó ń fò lọ sí ọ̀nà Ìlọrin. Bàbá Èsìẹ́ kò yíjú sí wa. Ọkọ mi dúró títí tí eruku fi rọlẹ̀.

"Ọkùnrin Ìlọrin yẹn ni," ni ó wí. Lẹ́yìn náà ó wò mí. "Èyí tí a kọ́kọ́ kà jáde, ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Rárá," ni mo wí. "Mo ti pa á rẹ́."

Ó mi orí. Kò bi mí mọ́ láé.

Oṣù mẹ́rin ni ọkọ̀ náà fi rìn. Ní àárín òjò, nígbà tó ń bọ̀ láti Ìlọrin, ẹ́ńjìnnì náà fọ́ nígbà tí wọ́n kọjá Òmùpo díẹ̀. Irin kan lu ara ẹ́ńjìnnì jáde, ọ́ìlì dà sí abẹ́ táyà, ọkọ̀ sì yọ̀ wọ kòtò. Kò sẹ́ni tó kú. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà níwájú, ọmọ Òmùpo tó ń gbé aṣọ òkìrìkà lọ tà, ìbàdí rẹ̀ kán. Mo lọ kí i ní ilé wọn, mo gbé ọsàn àti búrẹ́dì dání. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ìyá rẹ̀ tó ti darúgbó ló ń yí i padà. Ó bi mí pé ta ni mí. Mo ní ìyàwó mẹkáníìkì tó bá wọn tún ọkọ̀ náà ṣe nígbà kan ni mí. Ó dúpẹ́ pé mo wá. Mo jókòó títí ọsàn tí mo bó fún un fi tán. Láti ọdún náà wá, igi ló fi ń rìn.

Nígbà tí ọkọ mi gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ gbalaja. Ó ní òun ló fà á. Ó ní bí òun kò bá fọwọ́ kàn án, bóyá Bàbá Èsìẹ́ ì bá ti máa wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, nítorí ìró kó-kó-kó yẹn. Ó ní ìgbéraga ló kó sí òun lórí, pé mẹkáníìkì onísíkúrù ní kí òun tún ọpọlọ ṣe. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi tí ì bá gbé ẹrù náà kúrò lórí rẹ̀. Mo ṣí ẹnu. Mo ní kó jẹ́ ká wọlé, òjò ń bọ̀.

Kò kun pátákó kankan. Láàárín ọdún náà ó ti ṣọ́ọ̀bù náà pa, ó fi àwọn sípánà rẹ̀ fún ẹni tó ń ṣe ọ̀kadà ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ìwé tí mo fi bá a kọ ohun tí a ó ṣe, n kò mọ ibi tó fi í sí. N kò rí i láàárín ẹrù rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbà dá a dùbúlẹ̀, kò sì lò tó oṣù méjì. Ní gbogbo àkókò yẹn, mo ń wẹ̀ ẹ́, mo ń bọ́ ọ, etí rẹ̀ sì ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá sọ. Mo sọ fún un nípa àwọn ọmọ. Mo sọ fún un nípa òjò. N kò sọ ìyókù.

Bàbá Èsìẹ́ àti ìyàwó rẹ̀ wá nígbà ìsìnkú. Ó ti gbó, ó ti padà sídìí ẹ̀gẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí èèpo igi nígbà tó di tèmi mú. Ó lọ jókòó sí àárín àwọn ọkùnrin. Ìyá Èsìẹ́ dúró tì mí ní ẹ̀yìn ilé, níbi tí a ti ń fọ àwo. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyá Ìbejì, n kò tí ì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín dáadáa. Oṣù mẹ́rin tí ẹ fún wa yẹn, òun ni abígbẹ̀yìn wa fi ṣe ìdánwò rẹ̀."

Mo bi í pé iṣẹ́ wo ni ọmọ náà wá ń ṣe báyìí.

"Ó wà nílé," ni ó wí. "Kò tí ì rí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó yege." Ó gba àwo tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ jókòó, òun á bá mi fọ èyí tó kù.